Omi Ẹsẹ̀ Ọdẹ́kúnlé

Irun orí mi ti funfun kí n tó gbọ́ ìtàn yìí. Ọjọ́ tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà wa ní kí a sọ ọdún di oṣù, kí a sì sọ oṣù di ọjọ́, ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá kan tó ní òun kò ní ṣe ìṣirò kankan àfi bí òun bá kọ́kọ́ sọ ọ́ tán.

Obìnrin kan wà ní ìlú Ìgbóòyè láyé ọjọ́un, Ẹfúnyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Amọ̀kòkò ni. Kò sí ilé kan ní ìlú náà tí ìkòkò rẹ̀ kò sí, ìbáà ṣe ìkòkò omi, ìbáà ṣe ìṣaasùn ọbẹ̀. Àwọn ènìyàn a sì máa sọ pé bí amọ̀ rẹ̀ ti ń le tó bó bá kúrò nínú iná, bẹ́ẹ̀ ni orí òun náà le tó. Ohun tó bá ti gbà gbọ́, ó ti gbà á gbọ́ nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, Ọdẹ́kúnlé, ọdẹ bíi ti baba rẹ̀. Bí Ọdẹ́kúnlé bá ń ti igbó bọ̀ nírọ̀lẹ́, láti ẹnubodè ni yóò ti súfèé. Kí ó tó dé ojúlé, ìyá rẹ̀ yóò ti bu omi sínú ìkòkò kékeré kan tí kò fi ṣe nǹkan mìíràn àfi kó fi wẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, nítorí kò gbọdọ̀ gbé ẹrẹ̀ igbó wọ ilẹ̀ tí òun ti fi ọwọ́ pa dán.

“Irú ẹsẹ̀ wo nìyí?” ni ìyá rẹ̀ yóò wí. “Ṣé ìwọ lo lọ dẹ ẹran ni, àbí ẹran ló dẹ ọ́?”

“Ìyá mi, ẹ da omi sí i, ẹ yé bá a wí. Òun náà ló gbé mi délé.”

Bí wọ́n ti máa ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹfúnyẹmí kò mọ̀ pé ohun tí òun ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni òun yóò máa wá lálàá rẹ̀ níjọ́ iwájú.

Ní ọdún kan, Ọdẹ́kúnlé àti Ọ̀páyẹmí, ọmọ àdúgbò wọn, jọ lọ sóde. Wọ́n pínyà nínú igbó. Nígbà tó yá, Ọdẹ́kúnlé rí ohun kan tó tẹ̀ kọ́ọ́rọ́ lẹ́bàá odò, awọ ìgalà lára rẹ̀. Ó ta ọfà. Àṣé Ọ̀páyẹmí ni, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mu omi, awọ ẹran tí ó ti bó sì wà léjìká rẹ̀. Ọdẹ́kúnlé kò sá lọ. Ó pọn òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó pọ̀n ọ́n dé ààfin.

Kò sí ẹni tó sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọ̀pátọ́lá oníbodè, ẹ̀gbọ́n òkú, pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Ìgbóòyè kì í wo ojú. Ọba ní ẹni tó bá ṣèèṣì pa ènìyàn, ogún ọdún ni yóò fi gbé ẹ̀yìn odi. Kò gbọdọ̀ ránṣẹ́ sílé, ará ilé kò sì gbọdọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ tí ogún ọdún bá pé gan-an, kí ó wá dúró lẹ́nubodè. Bí ẹni tó bí i, tàbí ẹni tí wọ́n jọ bí, bá wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ó ti padà di ọmọ ìlú. Bí oòrùn bá wọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ, ilé ti kọ̀ ọ́ nìyẹn, kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá sì wá, kí wọ́n kà á mọ́ òkú.

Oṣù tí ó kọ́kọ́ lé lẹ́yìn ìjẹṣu ni, ó ti lé fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí Ọdẹ́kúnlé jáde. Ìyá rẹ̀ sìn ín dé ẹnubodè.

“Ìyá mi,” ni ó wí, “ẹ má jẹ́ kí omi tán nínú ìkòkò.”

“Amọ̀kòkò ni mí. Ìgbà wo ni omi yóò tán nínú ìkòkò mi?”

Ọdẹ́kúnlé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ.

Ogún ọdún. Ẹfúnyẹmí gbé ọ̀rọ̀ náà délé, kò rí ibi tí yóò gbé e kà. Bó bá dùbúlẹ̀, ogún ọdún yóò nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jókòó ti oúnjẹ, ogún ọdún yóò jókòó tì í. Ní ọjọ́ kan ó wà ní ẹbu, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Òjéwùmí jọ ń po amọ̀. Ó ṣàdédé dúró.

“Òjéwùmí, oṣù mélòó ló wà nínú ọdún?”

“Méjìlá.”

“Ọjọ́ mélòó ló wà nínú oṣù?”

“Ọgbọ̀n. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé òṣùpá wá ní kí o bá òun mọ ìkòkò ni?”

“Ọjà wa ńkọ́? Ọjọ́ mélòó-mélòó là ń ná an?”

“Ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún. Kí ló wá dé tí a fi ń pè é ní ọrún? Ẹfún, ṣé ara rẹ dá?”

“Ara mi dá. Bí ọjọ́ bá jẹ́ ọgbọ̀n, tí a wá pín in ní márùn-ún-márùn-ún, ọjà mẹ́fà ni oṣù kan. Ọjà mẹ́fà lọ́nà méjìlá, méjìléláàádọ́rin nìyẹn nínú ọdún.” Ó fi igi fa ìlà sínú eruku, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́, ó tún ń fà á. Òjéwùmí po amọ̀ tirẹ̀ tán, ó po amọ̀ Ẹfúnyẹmí mọ́ ọn, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbójú sókè. “Ogún ọdún jẹ́ òjìlélẹ́gbèje ọjà.”

“Ṣé ìyẹn wá kéré ni?”

“Kò kéré. Ṣùgbọ́n láti ibi tí mo jókòó sí yìí, mo lè rí ẹ̀yìn ọjà kan. N kò lè rí ẹ̀yìn ọdún.”

Òjéwùmí kò tún bá a ṣàwàdà mọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí Ẹfúnyẹmí bá ti ọjà dé, yóò mọ amọ̀ kékeré kan róbótó bí ekùrọ́. Bó bá fẹ́ sun ìkòkò, yóò kó àwọn wọ̀nyí sáàárín wọn. Nígbà tí wọ́n bá jinná, yóò jù wọ́n sínú ìkòkò ńlá tó wà ní yàrá Ọdẹ́kúnlé, lábẹ́ ibi tí apó ọfà rẹ̀ kọ́ sí. Yóò tẹ́tí sí i bí ó ti ń ró. Nígbà tí ìkòkò ṣófo, ó ń ró gooro. Nígbà tó yá, ìró náà wálẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ, inú Ẹfúnyẹmí sì ń dùn, nítorí ìkòkò ń kún. Ìkòkò kékeré tó fi ń wẹ ẹsẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Alaalẹ́ ló ń pààrọ̀ omi rẹ̀.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló dé tí kò fi ìjẹṣu ka ọdún bí àwọn yòókù. Ìyá ẹni tó wà lẹ́yìn odi kì í bá ìlú jẹ iṣu titun. Bí wọ́n bá ń fi ayọ̀ gúnyán, Ẹfúnyẹmí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Yàtọ̀ sí èyí, ọba wàjà, wọn kò sì ṣe ọdún iṣu fún ìgbà pípẹ́. Bí ènìyàn bá bèèrè ọdún tí Ọdẹ́kúnlé ti lọ, ọ̀kan yóò ní mẹ́tàlá, ẹlòmíràn yóò ní mẹ́tàdínlógún, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ọdún tí ògiri ààfin wó. Ẹfúnyẹmí kò bá wọn jiyàn. Òun mọ ohun tó wà nínú ìkòkò.

Nígbà tí òjìlélẹ́gbèje pé, ó lọ bá Ọ̀pátọ́lá lẹ́nubodè.

“Ọ̀pátọ́lá, ọ̀la ni ọmọ mi ń bọ̀. Má ti ibodè kí oòrùn tó wọ̀.”

Ọ̀pátọ́lá wo òpó ibodè. Lọ́dọọdún, bí oṣù tó tẹ̀lé iṣu titun bá ti lé fún ọjọ́ mẹ́ta, yálà ìlú ṣọdún ni o, yálà wọn kò ṣe é, ó máa ń fi ọ̀bẹ fa ìlà kan sára òpó náà.

“Ìyá, ọ̀la kọ́. Ìlà mẹ́rìndínlógún ló wà níbí. Ó ku mẹ́rin.”

“Ta ló fa àwọn ìlà náà?”

“Èmi ni.”

“Àbúrò ta ni ọmọ mi pa?”

Ọ̀pátọ́lá fi ọwọ́ kan ìlà tó kẹ́yìn.

“Ó yé mi,” ni Ẹfúnyẹmí wí. “Bí wọ́n bá fi kíkà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, ogún yóò di ogójì.”

“Ìyá, bó bá jẹ́ ti ọkàn mi ni, mo fẹ́ kó pẹ́. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n n kò fi ọ̀bẹ purọ́ lára igi. Kí lẹ̀yin fi kà á?”

“Ohun tí mo fi kà á wà nílé mi, o kò lè fi ọ̀bẹ fá nǹkan kan kúrò lára rẹ̀.”

Ní ọjọ́ kejì, kí ẹyẹ tó ké, Ẹfúnyẹmí ti wà lẹ́nubodè. Ó wọ aṣọ funfun. Ìkòkò kékeré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi kún un. Òjéwùmí bá a jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí, ó ń sọ fún un pé ọ̀nà jìn, pé ẹsẹ̀ Ọdẹ́kúnlé yóò ti dọ̀tí lónìí ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Àwọn àgbẹ̀ lọ, wọ́n bọ̀. Gbogbo ẹni tó bá yọ lókèèrè ni Ẹfúnyẹmí ń dìde fún. Oòrùn wọ̀. Kò sí ẹni tó súfèé.

Ó gbé ìkòkò náà sókè, ó sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí àpáta. Ọ̀pátọ́lá tó dúró lẹ́yìn òpó fẹ́ sọ̀rọ̀. Obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì lọ sílé.

Kí oṣù náà tó parí, Ẹfúnyẹmí ti sin apó ọfà Ọdẹ́kúnlé gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a sin òkú. Ó kó àwọn róbótó amọ̀ rẹ̀ lọ dà sódò. Ó fi ilé sílẹ̀ fún mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀, wọ́n sì so ewúrẹ́ mọ́ yàrá ọmọ náà. Ó wá lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìdó-Ọ̀pẹ, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí Ìgbóòyè. Níbẹ̀ ló tún ti ń mọ ìkòkò. Kò ka nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, bí àwọn ọmọdé bá súfèé ní àdúgbò, ọwọ́ rẹ̀ a dúró lórí amọ̀.

Ó pẹ́ títí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń fi òkúta dán ara ìkòkò nígbà tí ọkùnrin kan wọ àgbàlá, eruku bò ó. Ọ̀pátọ́lá ni. Ó ti ń hu ewú.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá.”

“O tún dé,” ni Ẹfúnyẹmí wí. Kò gbójú sókè.

“Ogún ọdún ọjọ́un, Ìyá, ó ku ọ̀la.”

“Mo ti sin ọmọ mi, Ọ̀pátọ́lá. Kí lo tún fẹ́ kí n lọ hú?”

“Ẹ kò sin ọmọ yín. Apó ọfà lẹ sin.” Ó lóṣòó sílẹ̀. “Òjéwùmí ló sọ fún mi pé ọjà lẹ fi kà á. Mo rò ó títí. Ìyá, ọrún ni orúkọ ọjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òru márùn-ún la ń sùn kí òmíràn tó pé. Mẹ́rin ni. Bí a bá ń kà á, a ó ka ọjọ́ tí a ná an, a ó sì tún ka ọjọ́ tí a ó ná òmíràn. Ọjọ́ ọjà dà bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará inú ilé kà á mọ́ra wọn, àwọn tó wà níta náà kà á mọ́ra wọn, ẹnìkan ṣoṣo sì ni. Ẹ ti fi òru kan kún gbogbo ọjà tó wà nínú ìkòkò yín. Ẹgbẹ̀sán ló yẹ kó pé kí ẹ tó wá.”

“Ẹnu rẹ dùn. Láti ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n òkú ti ń bá ìyá apànìyàn ka ọjọ́ ayọ̀?”

Ọ̀pátọ́lá gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ní gbogbo Ìgbóòyè, èmi àti ẹ̀yin nìkan là ń kà á. Àwọn yòókù ti gbàgbé ẹni tó kú, wọ́n ti gbàgbé ẹni tó lọ. Láti ìgbà tí ẹ ti kúrò, ó ku èmi nìkan. Kò dùn ún kà ní èmi nìkan.”

Ẹfúnyẹmí tún mú òkúta, ó ń fi dán ìkòkò lọ. “Máa padà lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Mo ti dúró lẹ́nubodè rí, mo mọ bó ṣe rí.”

“Mo gbọ́dọ̀ padà nísinsìnyí, kí n lè ṣí ibodè láàárọ̀. Ó ku ọ̀la, Ìyá.” Ó dìde, ó sì lọ.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ọjà Ìdó-Ọ̀pẹ. Ẹfúnyẹmí gbé ìkòkò dé ìsọ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó jókòó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọ̀pátọ́lá kò jókòó. Láti lè fi hàn pé òpùrọ́ ni, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọjà tó kọjá, òun ta ìṣaasùn kan fún ìyàwó àgbẹ̀ kan, ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, òun sùn. Ó di ìka kan. Ọjọ́ kejì òun lọ wa amọ̀, òun sùn. Ó di òmíràn. Ọjọ́ kẹta òun mọ ọ́n, òun sùn. Ọjọ́ kẹrin Ọ̀pátọ́lá wá. Òun sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun kò kùn ún. Lónìí, òun rèé lọ́jà. Ìka mẹ́rin ti dì. Àtàǹpàkò dúró gbọingbọin, kò rí òru kankan dì mọ́.

Ó tún un kà. Ó bèèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ìyẹn fi ìka tirẹ̀ kà á. Àtàǹpàkò kò dì.

Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú ìkòkò títà ló mú, ìkòkò kékeré kan. Ó bu omi sí i, ó gbé e, ó sì já sọ́nà. Àbúrò rẹ̀ ń pè é, kò wẹ̀yìn. Obìnrin tí kò tíì sáré láti ìgbà èwe rẹ̀ ń sáré. Omi ń dà sí i láyà. Ní gbogbo odò tó bá dé, yóò tún bu omi kún un, yóò sì tún máa lọ. Oòrùn kọjá lórí rẹ̀, ó lọ síwájú rẹ̀. Ó bẹ oòrùn. Oòrùn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Nígbà tó máa fi dé ẹnubodè Ìgbóòyè, oòrùn ti wọ̀, ojú ọ̀run ṣì pọ́n. Ọ̀pátọ́lá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá òpó, igbá omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ó wá?” ni Ẹfúnyẹmí bèèrè.

“Ó wá. Ó ṣáájú ẹyẹ dé. Ó ti hu irùngbọ̀n.”

“Omi wà lọ́wọ́ rẹ.”

“Mo bù ú. Mo lọ bá a. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ẹni tó bí òun ni òfin sọ, pé òun kò fẹ́ kí ìlú fi òun bá mi jà.”

“Kí ló tún sọ?”

“Ó bi mí bóyá ẹ wà láàyè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ẹ mọ̀ pé òní ni. Mo ní èmi fúnra mi ló sọ fún yín.” Ọ̀pátọ́lá bo ojú rẹ̀. “Ìyá, n kò rò ó kí n tó sọ ọ́. Ó rò pé ẹ mọ̀ ni, ẹ kò sì wá. Ó dúró. Nígbà tí oòrùn kan ilẹ̀, ó súfèé lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí padà.”

Ọ̀nà mẹ́ta ló pínyà níwájú ibodè náà. Ẹfúnyẹmí ké orúkọ ọmọ rẹ̀ sí ìkínní, ó ké e sí èkejì, ó ké e sí ẹ̀kẹta. Igbó gbé e mì. Ọ̀pátọ́lá fẹ́ súfèé fún un, ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Níbi tí Ọdẹ́kúnlé dúró sí láti òwúrọ̀, ojú ẹsẹ̀ méjì wà nínú eruku, ó jìn, nítorí kò kúrò lójú kan. Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀ tì í. Ó da omi sínú ti ọ̀tún, ó da omi sínú ti òsì, ó fi ọwọ́ rẹ̀ pa á jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fọ ẹrẹ̀ kúrò, títí ilẹ̀ fi tẹ́.

Ìlú wá Ọdẹ́kúnlé títí, wọn kò rí i. Ẹfúnyẹmí padà sí ẹbu rẹ̀ ní Ìgbóòyè. Gbogbo ẹni tó bá wá ra ìkòkò, tó wá ní ọ̀ràn òun ṣì jìnnà, ni ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí Ọ̀pátọ́lá bá wá sí Ìdó-Ọ̀pẹ fún. Ohun tó sọnù kò ju èyí lọ: ọmọ kan, yàrá kan tí ewúrẹ́ ń gbé, ìkòkò kékeré kan tó fọ́ lórí àpáta, àti ọ̀nà ọjọ́ kan tí ìyá arúgbó kò lè sá tán kí oòrùn tó wọ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe fún ẹni tó bá rò pé ọjọ́ ṣì jìn, pé ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la.